Má Fi Ohùn Ọmọ Mi Pè Mí

"Kí ló ń bà á lẹ́rù?" Tíṣà bi Aránṣọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. "Ìyàwó tó kú nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la, tó wá ń fi aṣọ funfun rìn kiri inú ilé àtijọ́, mo mọ̀ pé kò yẹ kí nǹkan kan tún bà á lẹ́rù mọ́. Àmọ́ kò sí ẹ̀dá inú eré yìí tí kò ní ohun tó ń sá fún."

Aránṣọ ronú díẹ̀. "Dígí," ni ó wí. "Kò rí ara rẹ̀ nínú dígí mọ́."

"Ẹ ò rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n ṣe!"

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn mẹ́ta yìí ti ń ṣe eré náà ní ọ̀sán Sátidé nínú pálọ̀ Bàbá: Aránṣọ tó ń gbé ilé náà pẹ̀lú Bàbá, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà, àti Nọ́ọ̀sì, ọ̀rẹ́ Aránṣọ láti kékeré. Eré náà kò gbà ju dáìsì méjì àti ẹnu lọ. Oníkálukú yóò dá ẹ̀dá kan sílẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀, yóò gbé ìwà ẹ̀dá náà wọ̀ bí ẹ̀wù, yóò sì máa fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tíṣà ni yóò máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá wọ́n yè é. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ẹ̀rù ayé àtijọ́ ni Tíṣà fẹ́: ilé ńlá lórí òkè, kùrukùru, iná àbẹ́là, ọlọ́lá kan tí kì í jáde lọ́sàn-án, òkú tí kò mọ̀ pé òun ti kú.

Nọ́ọ̀sì ti dá tirẹ̀ ná. Dókítà kan ni, tó ń rán ẹ̀yà ara òkú mọ́ra wọn kó lè sọ wọ́n di alààyè.

"Kì í ṣe èmi o," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ni mo wò ṣe."

"Sọ fún un kó gbé òkú náà wá sọ́dọ̀ mi," ni Aránṣọ dá a lóhùn. "Mo ní òwú tí kì í já."

Ẹ̀rín yìí ni wọ́n ń rín lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá yọ sí wọn láti yàrá. Káfíńtà ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló kan tábìlì tí wọ́n yí ká, òun náà ló kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ tónítóní, ó di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣe tèmi," ni ó wí.

Inú Tíṣà dùn gan-an. Ó fa àga fún un. "Ẹ jókòó, Bàbá. Ta ni ẹ̀dá tiyín?"

"Bàbá àgbàlagbà kan ni. Inú ilé kan ló wà. Àwọn kan ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbé wọ̀."

"Ojú ọmọ rẹ̀ kẹ̀?"

"Ojú náà pé. Imú, ẹnu, gbogbo rẹ̀ ló pé. Ohùn náà pé. Àmọ́ kì í ṣe àwọn ni." Bàbá ń fi ìka ra ojú tábìlì bí ẹni ń wá ibi tí pákó ti là. "Lọ́sàn-án, wọ́n á máa ṣe jẹ́jẹ́, wọ́n á fún un lóúnjẹ. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́ báyìí, ojú wọn á yí padà."

"Háà, Bàbá, ẹ ti pa mí!" Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Kí ló ń fẹ́?"

"Ó fẹ́ lọ sílé."

"Kí ló mú dání?"

"Òòlù. Kí ni káfíńtà tún máa mú dání?"

"Tílẹ̀ bá wá ṣú ńkọ́, kí ló máa fi àwọn ènìyàn náà ṣe?"

Bàbá kò wo Tíṣà tó bi í. Aránṣọ ló ń wò. Ó wò ó títí. "Á sé wọn mọ́ ibi tí wọ́n bá wà," ni ó wí, "kí wọ́n má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní nínú gbogbo àwọn, Bàbá ló mọ eré náà ṣe jù. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ kò mọ̀. Láìpẹ́ yìí ni Bàbá kí i ní ìkíni àlejò nínú ilé ìdáná, tó bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa tilẹ̀kùn ibẹ̀ kí òun lè máa lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá Bàbá lẹ́yìn aṣọ fèrèsé tó sá pamọ́, tó ń gbọ̀n, tí kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan òun. Aránṣọ kò sọ fún ẹnì kan. Ọjọ́ orí ni, ni ó máa ń sọ fún ara rẹ̀. Tíṣà, òdìkejì ìlú ló ń gbé. Ọ̀sán Sátidé nìkan ló máa ń rí Bàbá, ara Bàbá sì máa ń yá ní ọ̀sán.

Nígbà tí wọ́n kó ife lọ sí ilé ìdáná, Nọ́ọ̀sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀dá inú ìtàn o."

"Eré náà ni Bàbá ń ṣe."

"Eré kọ́. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Orí Bàbá mi kò dàrú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àìsàn ni, bí ìbà ṣe jẹ́ àìsàn. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà tó báyìí lè ṣe ara rẹ̀ léṣe, ó sì lè ṣe ìwọ náà léṣe."

Aránṣọ já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí mọ síbí, jọ̀ọ́," ni ó wí.

Ọjọ́ ti rọ̀ nígbà tí Tíṣà sin Nọ́ọ̀sì lọ síbi tó ti máa wọkọ̀. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, ojú rẹ̀ ń pa dé. Aránṣọ fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ó pa ilẹ̀kùn dé kí ariwo ẹ̀rọ má bàa jí Bàbá. Aṣọ oníbàárà kan ló kù tó fẹ́ ṣẹ́ etí rẹ̀.

Kò tíì rán an dé ìdajì tó fi gbọ́ ọ. Gbàà! Gbàà! Ó kọ́kọ́ rò pé ilé kejì ni. Àfi ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá náà gbọ̀n tó sì rí i tí ẹnu ìṣó yọ sínú láàárín pákó. Ó fò dìde, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó tì í. Kò mì.

"Bàbá? Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

Gbàà!

"Bàbá, èmi ni! Ọmọ yín ni!"

"Má fi ohùn ọmọ mi pè mí!" ni Bàbá kígbe láti ìta. Aránṣọ kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohùn náà ń gbọ̀n. "Mo mọ̀ yín! Kí lẹ fi ọmọ mi ṣe? Níbo lẹ kó àwọn ọmọ mi sí?"

Ìṣó kejì yọ, ó wá kan ẹ̀kẹta. Bí ó ṣe ń pè é tó ni òòlù ń le sí i. Ó sáré lọ sídìí fèrèsé, àmọ́ irin tí Bàbá fúnra rẹ̀ dè mọ́ ọn nítorí olè wà níbẹ̀ gbọin-gbọin. Ó lọgun pe aládùúgbò. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò níbẹ̀; bọ́ọ̀lù ni, gbogbo wọn ń pariwo góòlù.

Lẹ́yìn náà ló gbóòórùn. Òórùn ike tó ń jó ni. Bàbá ti gbé kẹ́tù oníke ka iná gáàsì, ó ti gbàgbé rẹ̀. Èéfín ti ń yọ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fẹ́ bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Aránṣọ kó ègé aṣọ, ó fi dí ibẹ̀. Ó ṣe é bíi pé kó tún kígbe pé "Èmi ni," ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì. "Èmi ni" yìí gan-an ló ń dẹ́rù ba Bàbá. Ẹni tó wà nínú yàrá yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ó mí kanlẹ̀. Ohùn tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ga, ó fẹ̀, ohùn obìnrin tó ti ọ̀nà jíjìn wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ilé káfíńtà nìyí?"

Òòlù dákẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Oníbàárà ni, sà. Wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀kùn ṣe tó yín ládùúgbò yìí. Ilẹ̀kùn kan ló há mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ kan ní àwọn máa bá mi tún un ṣe, wọ́n tún wá bà á jẹ́ sí i."

Aránṣọ fi ìbòrí di imú. Ojú ń ta á, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń tẹ́tí sí èémí Bàbá lẹ́yìn pákó.

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí," ni Bàbá wí níkẹyìn, pẹ̀lú ìbínú. "Wọn kì í wọn igi kí wọ́n tó gé e."

"Ẹ bá mi dá sí i, sà. Ẹ wá bá mi wò ó."

Ó gbọ́ tí ọwọ́ ń ra ilẹ̀kùn. "Ta ló ṣe iṣẹ́ játijàti yìí? Ta ló kan ìṣó wúruwùru báyìí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Aránṣọ pẹ̀lú ẹ̀rù náà. "Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ó ti sá lọ."

"Ẹ ṣe sùúrù, màdáàmù. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ìṣó àkọ́kọ́ ké bó ṣe ń jáde. Bàbá kò kánjú. Káfíńtà gidi kì í kánjú. Aránṣọ ń húkọ́, ó ń yìn ín, ó ń húkọ́. Nígbà tí pákó tó kàn dábùú ilẹ̀kùn já bọ́ tí ilẹ̀kùn sì ṣí, Bàbá dúró nínú èéfín pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ó ga ju bí ó ṣe máa ń ga lọ. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Aránṣọ yára wí ní ohùn oníbàárà. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́wọ́ méjèèjì. "Ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gba irinṣẹ́."

Bàbá ronú sí i. Ó gbé òòlù náà lé e lọ́wọ́.

Aránṣọ sáré pa iná gáàsì, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Ara ògiri ti dúdú. Bí Tíṣà ṣe ń wọlé nìyẹn, tó bá èéfín pàdé, tó sì rí ìṣó nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

"Bàbá ń sọ ọ́ lójú mi," ni Tíṣà wí, "èmi sì ń pàtẹ́wọ́."

"Ìwọ kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì á bá wa gbé Bàbá lọ sí ilé ìwòsàn. Ìwọ náà, kó ẹrù rẹ wá síbí. Mi ò lè dá a ṣe mọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí."

"Ó ń ba èmi náà. Ṣáà kó ẹrù rẹ wá."

Nígbà tí Aránṣọ yọjú sí yàrá Bàbá, etí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

"Ìwọ ta ni?" ni Bàbá bi í.

Ìgbà gbogbo ni Aránṣọ máa ń sáré dá ìbéèrè yìí lóhùn, bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sáré. "Ta lẹ rò pé mo jẹ́, sà?"

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Àmọ́ o jọ èèyàn dáadáa." Ó sún díẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Jókòó. Mi ò fẹ́ dá wà."

Aránṣọ wọlé, ó sì jókòó tì í.