Alùpùpù Tí Fàrúkù Yàn

"Ta ni ọkùnrin Ablogamé yẹn?"

Fàdílátù kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tí ó ń rán. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé pé òun lọ sí àdúgbò Ablogamé. Fàrúkù, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Fàdílátù ní Gbossimé, ó sì fi ara dí ìmọ́lẹ̀. Ó ní Fàdílátù wọ ilé kan lọ níbẹ̀ lánàá, pé ọkùnrin ni ó ṣílẹ̀kùn fún un, pé ó pẹ́ kí ó tó jáde, àti pé ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó ń jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn ni ó mú kí Fàdílátù wo ìta. Michel, ọlọ́kadà tí Fàrúkù yàn láti máa gbé e kiri láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, jókòó sórí alùpùpù rẹ̀ lábẹ́ igi. Ó yára yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fàdílátù rántí bí ó ti ń fi oore yìí yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rántí bí òun àti Michel ti máa ń fi èdè Mina tàkúrọ̀sọ lọ́nà Agbalépédogan, tí òun ń sọ ti oníbàárà, ti ìyá òun, ti ẹni tí ó kí i. Ó pe Michel wọlé, ó sì bi í bóyá gbogbo rẹ̀ ni ó ń lọ sọ fún Fàrúkù.

"Tántì, ẹ má bínú," ni Michel wí. "Ọ̀gá ní kí n máa jábọ̀."

"Ìfẹ́ ni," Fàrúkù dá sí i. "Ta ni ó ń ṣe irú èyí fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Lomé yìí?"

"Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń ṣe é fún. Láti ilé kéwú ni o ti mọ̀ mí, Fàrúkù. Ìgbà wo ni mo purọ́ fún ọ?"

"Ọkùnrin wo ni? Dá mi lóhùn, tàbí kí n lọ sọ fún bàbá rẹ pé kò sí yìgì mọ́."

Ìdáhùn náà wà nínú àpò kan lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Agbádá yìgì Fàrúkù ni. Ablogamé ni bàbá arúgbó tí ó fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá náà ń gbé, Fàdílátù sì fi í pamọ́ nítorí ó fẹ́ rí ojú Fàrúkù lọ́jọ́ tí yóò kọ́kọ́ rí i. Bí ó bá fà á yọ nísinsìnyí, Fàrúkù yóò rẹ́rìn-ín, yóò bẹ̀bẹ̀, bàbá òun kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, alùpùpù yóò tún ti dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Ó sọ fún Michel, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pé kí ó má wá gbé òun mọ́. Lẹ́yìn náà, ó fa agbádá náà yọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì fi í kọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn aṣọ tí ó wà fún títà.

Fàrúkù wo iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ títí. Irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ nàka sí níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Fàdílátù, ti ta ni èyí?"

"Ti ẹni tí ó bá rà á," ni ó wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.