Kí Wọ́n Tó Fi Àpò Bo Róòsì Alois

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò níbẹ̀ díẹ̀.”

Bàbá arúgbó tó jókòó sórí bẹ́ńṣì ò tilẹ̀ wòkè. Ó gé búrẹ́dì ẹlẹ́ran rẹ̀ jẹ. “Ọgbà ìlú nìyí, kì í ṣe pálọ̀ yín.”

Inú bí Roswitha gan-an. Láti àárọ̀ ló ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀ nínú ọgbà Volksgarten ní Vienna, síwájú igi róòsì tí òun àti ìyá rẹ̀ fi ń ṣèrántí bàbá rẹ̀, Alois, tó ti di olóògbé. Orúkọ Alois wà lára irin pẹlẹbẹ tí wọ́n so mọ́ ọn, bẹ́ńṣì náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà. Ààfin ńlá wà lẹ́yìn, ojú ọjọ́ dára, àwọn èèyàn ni kò jẹ́. Bí àwọn àlejò bá kọjá tán, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà á tún yọ. Iṣẹ́ yíya àwòrán àwọn ilé àtijọ́ ni Roswitha fi ń jẹun, kò sì fẹ́ rí èèyàn kankan nínú àwòrán rẹ̀.

Ká ní kò sí ìkánjú ni, ì bá ti lọ sílé. Ṣùgbọ́n òní ni wọ́n ń fi àpò bo àwọn róòsì nítorí òtútù, ó sì di ìgbà tí òtútù bá lọ kí wọ́n tó ṣí wọn. Dókítà sì ti ní ojú ìyá rẹ̀ ò ní ríran mọ́ nígbà náà. Gbogbo àwòrán igi náà tó ti fi ránṣẹ́ sí ìyá yìí, “Kò dáa” ṣáá ni èsì rẹ̀.

Wukovits, olùtọ́jú ọgbà, ti dé ọ̀dọ̀ wọn tòun ti àpò àti okùn. “Màdáámù, ó kan tiyín.”

“Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i. Bàbá yẹn ni ò jẹ́ kí n ríṣẹ́ ṣe!”

“Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí lẹ́ẹ̀kan náà.”

Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni.

“Màámi, ẹ má pariwo mọ́ mi. Mò ń dúró kí àwọn èèyàn kúrò ni.”

“Kí wọ́n kúrò lọ síbo? Roswitha, ṣé orí ẹ pé? Ta ló bi ọ́ léèrè ààfin? Ṣé mi ò mọ ààfin ni? Ẹni tó ń jókòó ti bàbá ẹ ni mo fẹ́ rí. Gbogbo èyí tó o fi ránṣẹ́, ṣe ló dá wà níbẹ̀ bí ẹni tí ò lẹ́nì kan.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?”

“Ṣé o bi mí ni?”

Omi lé ròrò sójú Roswitha. Ìbínú wà níbẹ̀, àánú ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó yíjú padà, ó rí bàbá arúgbó tó ti dìde, tó ń ká bébà búrẹ́dì rẹ̀.

“Mò ń lọ o, kí ariwo yín lè tán.”

“Bàbá, ẹ má lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

“Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́!”

“Òótọ́ ni. Ẹ ṣáà jókòó.”

Bàbá pòṣé, ó jókòó. Ó tẹ̀ síwájú, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára irin náà. “Ta ni Alois?”

“Bàbá mi ni.”

Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára kóòtù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sún díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó fi àyè sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì níhà ibi tí igi náà wà.

Roswitha ya àwòrán bàbá náà àti igi náà bẹ́ẹ̀.