Kọ́kọ́rọ́ Lẹ́nu Ẹ̀rọ Bàbá Mi

Bàbá mi ló ra ẹ̀rọ tó ń fá irin yẹn kó tó kú. Àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, ló gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó ṣèlérí níwájú ẹbí pé ọjọ́ tí mo bá gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ni ẹ̀rọ yóò di tèmi. Ó dá a lójú pé obìnrin ò lè gbà á. Láti ìgbà yẹn ló ti ń fojú mi rí màbo.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo gbé irin sẹ́nu ẹ̀rọ, mo fi kọ́kọ́rọ́ onírin tí a fi ń de ẹnu ẹ̀rọ fún un le, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sáyè rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá yí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu, kọ́kọ́rọ́ á fò bí òkò, ojú ẹni tó dúró tì í ló máa bá. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn.

Olùdánwò ṣì ń wọ aṣọ iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

“Lọ bu epo wá,” ọ̀gá pàṣẹ.

Nígbà tí mo dé, mo kọ́kọ́ fọwọ́ yí ẹnu ẹ̀rọ, bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Kò yí. Nǹkan há lódìkejì, níbi tí ojú ò tó. Kọ́kọ́rọ́ ni. Inú bí mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Mi ò pariwo. Mo rọra pa iná tó ń gbé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lára ògiri.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ bọ́tìnì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.”

Ó sún sẹ́yìn. “Ṣé èmi ni mò ń ṣèdánwò ni? Ọ̀lẹ!”

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó dúró tì wá, géńdé tí ìdánwò yìí ti já jù sílẹ̀ léraléra, bú sẹ́rìn-ín. “Bọ́tìnì lásánlàsàn! Kúrò ńbẹ̀ jàre.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó na ìka.

“Má tẹ̀ ẹ́!” Ọ̀gá figbe ta. “Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ẹ̀!”

Olùdánwò, tó ti wọlé, wò ó láti òkè délẹ̀. “Níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn, báwo lẹ ṣe rí i?”

Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo nà án sí ọ̀gá.

“Ẹ gbà, Bàbá. Ẹ̀bìtì tí ò pa eku, ẹ jẹ́ kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn.”

Olùdánwò ní kí ọ̀gá jáde. Mo tan iná ẹ̀rọ padà, mo sì fá irin náà bó ṣe yẹ.

Nígbà tí ìwé ẹ̀rí mi dé, ọ̀gá rán ẹ̀gbọ́n ìyá mi sí mi pé kí n má bínú, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mo mọ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ló fẹ́ ta sílẹ̀. Kó wá kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ bàbá mi.