Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Káfíńtà ni ọkọ mi. Òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kan bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Látìgbà tó ti kú, orí bẹ́ǹṣì náà ni mo ti máa ń jókòó bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Lónìí, wọ́n ní ká wá wo ibi ìrántí tí wọ́n ṣe síbẹ̀ fún àwa tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Òdòdó rèé, àga máàbù rèé. Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Wọ́n tún gbé abọ́ ìrẹsì lé mi lọ́wọ́.

"Bẹ́ǹṣì tó wà níbí ńkọ́?" Mo bi Pásítọ̀.

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Èyí tó ti gbó yẹn, Màmá? A ti là á, òun la fi dáná oúnjẹ òní. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa rántí Bàbá. Ẹ jẹun kó tó tutù."