Ẹ̀gbẹ́ Òsì Táyà Ẹ̀yìn

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Ìbejì ti alùpùpù rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Ó fi í ti ògiri, ó ṣí àṣíborí rẹ̀, ó ní táyà ẹ̀yìn ti jẹ, kí Bàbá Ìbejì bá òun yan òmíràn tó dáa. Ó ní èyíkéyìí tó bá ti tọ́ lójú rẹ̀ ni kó mú, ohun tí òun ṣáà fẹ́ ni èyí tí kò ní yọ̀ tí òun bá tẹ alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, ó sì gba ẹnu ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọ inú ilé wọn lọ.

Bàbá Ìbejì fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ táyà náà. Kò lè lóṣòó. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ni táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí irin rìímù fò gbá a lórúnkún, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò sì ká dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Ó rántí rẹ̀ bí àná. Bàtà tó kọ́kọ́ fi owó iṣẹ́ ara rẹ̀ rà ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ yí táyà kúrò lójú ọ̀nà àwọn oníbàárà ná kí wọ́n tó wá gbé e.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà náà. Àárín rẹ̀ jẹ níwọ̀nba, bí táyà ẹni tó ń gba títì tààrà ṣe máa ń jẹ. Kò sí àléébù níbẹ̀. Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù ni ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, títì kan náà ló ń gbà lọ gbà bọ̀, títì ọ̀hún sì nà gbọọrọ. Àmọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ òsì, ọwọ́ náà dúró. Rọ́bà ibẹ̀ ti jẹ dé etí, ó ń dán. Táyà kì í jẹ dé etí lórí títì tààrà, àfi kí ẹni tó ń gùn ún máa tẹ alùpùpù sílẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Kọ́nà ló ń ṣe táyà bẹ́ẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ sí ni títì orí òkè, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn eré ti máa ń fi alùpùpù dárà nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún táyà náà fara ti ògiri, kò sì yí alùpùpù padà láti wò ó. Ohun tó ti ń wá láti ìgbà yìí ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kí ló tún kù?

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Ìbejì ti ń pẹ́ wọlé. Bó bá ní iṣẹ́ pọ̀, ọkọ rẹ̀ á bi í pé irú iṣẹ́ wo. Bó bá ní àwọn ṣì kù níbi iṣẹ́, á bi í pé àwọn ta ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ní òun yà ra ọṣẹ, ọkọ rẹ̀ ní kó gbé ọṣẹ náà wá kí òun rí i. Obìnrin náà gbé e wá, ó fi lé e lọ́wọ́, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tó sì dun Bàbá Ìbejì jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní alùpùpù. Nígbà náà, yàrá kan ni wọ́n ń gbé, òjò máa ń jò sí igun ibi tí orí bẹ́ẹ̀dì wà, wọ́n sì máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì sáàárín yàrá bí òjò bá ti ṣú. Alùpùpù àlòkù oníbàárà kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ìdí ìjókòó mú. Ọjọ́ tó jọ̀wọ́ rẹ̀ tí alùpùpù sì ń bá ìyàwó lọ láìṣubú, ó pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ bó ṣe ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń kéré lọ lójú títì, nǹkan kan ta á láyà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí obìnrin náà ń lọ, ẹsẹ̀ òun kò lè gbé òun dé ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ìyá Ìbejì wá ra alùpùpù asáré yìí lọ́wọ́ dókítà kan tí ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kó gùn ún mọ́, nǹkan ọ̀hún tún le sí i.

Ibi tó jókòó sí nìyẹn, ọwọ́ ṣì wà lórí táyà, nígbà tí Ìjì wọlé. Ìjì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré lórí òkè, ọkùnrin gíga tí kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ bó bá ń sọ̀rọ̀. Táyà iwájú rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n bá òun lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó wa ńkọ́?"

Bàbá Ìbejì dáhùn pé ó wà. Kò sí oníbàárà tí kì í bèèrè bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tí ọ̀rọ̀ náà tíì bí i nínú lẹ́nu rẹ̀ rí. Lẹ́nu Ìjì láàárọ̀ yìí, "wa" náà ta á létí. Ìyàwó àwọn ta ni?

Ìjì tẹ̀ ba, ó wo táyà ẹ̀yìn, ó súfèé. "Ẹ má gbé táyà líle sí i o. Ẹni tó ń tẹ alùpùpù tó báyìí, táyà rírọ̀ ló nílò."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń tẹ alùpùpù?"

"Táyà ni. Kò kúkú fi pa mọ́ fún ẹ̀yin náà." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta láti dúró de iṣẹ́ rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta ló wà lórí pẹpẹ. Èyí tó le, tí Bàbá Ìbejì máa ń fi ṣàwàdà pé ó ń pẹ́ ju ìgbéyàwó ẹlòmíràn lọ. Èyí tó rọ̀, tó ń di títì mú gírígírí àmọ́ tí kì í pẹ́ jẹ. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n fi rọ́bà líle ṣe àárín rẹ̀ tí wọ́n sì fi rírọ̀ ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ku ẹyọ kan péré, ó wà lókè pátápátá. Bó bá jẹ́ oníbàárà míràn ló ni alùpùpù náà ni, èyí tó wà lókè yẹn ni ì bá nawọ́ mú láìronú.

Èyí tó le ló gbé. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní pípẹ́ rẹ̀ ni òun wò. Àmọ́ ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Táyà yìí kò ní jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lè tẹ̀ sí kọ́nà; títì orí òkè á di ibi tí kò ní lè gbà mọ́. Ó sì tún mọ̀ pé bó bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà láìfura, táyà líle tí ara rẹ̀ kò tíì móoru lè yọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kó sì wọ́ ọ lórí títì. Ẹnu rẹ̀ kan náà ló fi máa ń kìlọ̀ èyí fún àwọn oníbàárà.

Ìyá Ìbejì gbé omi tútù wá fún un, ó sì rí táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé eléyìí ò ní yọ̀ ní kọ́nà?"

"Kọ́nà wo? Láti ilé dé ọsibítù, fi kọ́nà ibẹ̀ hàn mí."

Obìnrin náà wo Ìjì tó wà níta, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó gbé omi náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀," ló wí, ó sì padà sínú ilé.

Bàbá Ìbejì tú táyà àtijọ́, ó fi èyí tó le wọ rìímù, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ó fi dún pé ó ti jókòó sínú rìímù. Gbogbo ìbínú rẹ̀ ló fi ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ ọ̀hún sì mọ́. Nígbà tó wá ń yí táyà àtijọ́ lọ sí ibi òkìtì, orúnkún rẹ̀ ta á, ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Táyà náà fì síhìn-ín, ó fì sọ́hùn-ún, ó sì ṣubú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kọjú sókè.

Irun rọ́bà wẹ́wẹ́ tí táyà tuntun máa ń ní ṣì wà lára ẹ̀gbẹ́ náà. Kò sí èyí tó já níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u nínú ọ̀rá.

Ó dúró wò ó. Lẹ́yìn náà ó pe Ìjì, ó bi í bóyá títì kan wà lórí òkè tó jẹ́ pé òsì nìkan ló ń yí sí.

Ìjì rò pé àwàdà ni. Ó fi táyà tirẹ̀ hàn án: ọ̀tún jẹ, òsì jẹ, ọgbọọgba. "Ẹ̀gbọ́n, títì tó bá ń yí sí òsì nìkan, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ náà ló máa padà sí. Òbìrípo nìyẹn. Àbí ìyàwó wa ni? A ò rí i lórí òkè rí. A ní ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kó wá."

Bàbá Ìbejì yí táyà náà gba ẹnu ilẹ̀kùn kékeré, ó yí i dé yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ká aṣọ àwọn ìbejì. Ó fi í ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Òsì nìkan ló jẹ," ló wí.

Ìyá Ìbejì kò gbé ojú sókè kíá. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Ẹ̀yìn ọsibítù," ó ní, "níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù tẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, wọn ò lò ó mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń yí po."

"Kí lò ń yí po fún?"

"Tí mo bá ṣíwọ́ iṣẹ́, tí mo bá rántí gbogbo ìbéèrè tí ẹ máa bi mí lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi kì í fẹ́ yà sílé. Mo máa ń yí títí ọkàn mi á fi rọlẹ̀ tó láti dá yín lóhùn. Ìgbà náà ni mo tó ń bọ̀ wálé."

"Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Obìnrin náà wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ẹ gbọ́ ohùn ara yín," ló wí.

Bàbá Ìbejì gbọ́ ọ. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì tú afẹ́fẹ́ inú táyà líle náà dànù. Títú táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó le ju fífi í wọ̀ lọ, pàápàá fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò ká. Ìjì dìde pé kí òun ràn án lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ ní rárá. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Bá mi gba ibí yìí mú." Ìjì di rìímù mú, òun fi irin yọ táyà náà díẹ̀díẹ̀. Ìjì ló sì bá a na ọwọ́ mú èyí tó wà lókè pẹpẹ.

"Èyí gan-an ni," Ìjì wí. "Ìyàwó wa máa gbádùn ẹ̀."

"Wa" náà tún ta á. Ó gbé e mì.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì wá gbé alùpùpù rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé kó má tíì tẹ̀ ẹ́ púpọ̀, pé ara táyà tuntun máa ń yọ̀, kó jẹ́ kí dídán ojú rẹ̀ kọ́kọ́ parẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi kún un pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló rọ̀, ọ̀tún àti òsì. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́.

Ó ń tètè dé lẹ́yìn ìgbà náà, kì í ṣe lójoojúmọ́. Bó bá dé, ọkọ rẹ̀ á kí i káàbọ̀, á sì pa ẹnu mọ́, ó sì máa ń dà bí ẹni tó gbé òkúta sẹ́nu. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ti wọlé, Bàbá Ìbejì fa àpótí rẹ̀ mọ́ táyà náà, ó fi ọwọ́ pa ọ̀tún. Irun rọ́bà wà níbẹ̀. Ó pa òsì. Irun wà níbẹ̀ náà, àmọ́ ó ti já lápá kan, ojú ibẹ̀ sì ti ń dán díẹ̀.

"Kí ni táyà sọ fún yín?"

Ìyàwó rẹ̀ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré, kò sì mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu Bàbá Ìbejì ti ṣe tán láti jáde. Ó wo ibi tó ń dán náà, ó sì rántí ọjọ́ tó fa á, nítorí kò gbàgbé ìbéèrè tó bọ́ lẹ́nu òun sí ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà.

"Ẹjọ́ mi ló ń rò," ló wí.

Ìyá Ìbejì ní kó fọwọ́, oúnjẹ ń tutù.