Ohùn Alhaji Làtíìfù Nínú Àwo Ọdún 1966

Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2025. Òjò winniwinni ló fi ojúmọ́ mọ́ ní Peckham, nílùú òyìnbó, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di ìyálẹ̀ta oòrùn ti yọ, òjò kò sì dá. Àwọn méjèèjì jọ ń ṣe iṣẹ́ wọn lórí Rye Lane bí ọkọ àti aya tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nínú oòrùn òun òjò yìí ni Alhaji Làtíìfù Ajíbóyè ń sáré lọ. Kò sí ẹni tí ó ń lé e. Ọ̀la ni bàbá náà máa pé ẹni ọgọ́rin ọdún, Alhaja Hàlímọ̀tù, ìyàwó rẹ̀, tí ó ń fi agboòrùn tẹ̀lé e lẹ́yìn, sì ti rán an létí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé eré kọ́ ni ọjọ́ orí yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n Rahmah, ọmọ ọmọ wọn, ti pe fóònù láti ṣọ́ọ̀bù Levi tí ń ta àwo orin àtijọ́, ó ní òun ti rí àwo náà. Bàbá kò tilẹ̀ dúró wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì.

Ó yẹ kí á to ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Ní ọdún 1966, Làtíìfù jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pẹ́ tí ó ti Ìwó dé. Òun àti ọmọ Jàmáíkà kan tí ń jẹ́ Jethro jọ ń gbé yàrá kan ní Walworth. Onílù ni Jethro, ó sì ń bá ẹgbẹ́ olórin kan ṣeré tí wọ́n ń pè ní The Camberwell Kettles. Orin wọn kì í ṣe jáàsì tán, kì í sì í ṣe sóòlù tán. Bí ìrẹsì tí a bá ẹ̀wà sè pọ̀ ló rí, ẹnu kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gba orin sílẹ̀ láti fi ṣe àwo, Jethro gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé. Làtíìfù máa lọ síbi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì ní sí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni ó bá mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ bá a. Ó rí iná pupa kan tí ń tàn lókè ilẹ̀kùn sitúdíò. Ó rò pé wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá àwọn ènìyàn tí òógùn ti bò nídìí iṣẹ́ wọn. Ìyá tí ó bí i sì ti kọ́ ọ pé ẹni tí ó bá débi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tí kò kí wọn, ẹranko ni. Ó gbóhùn sókè, ó kí wọn.

Ẹ̀rọ ń gbohùn lọ lọ́wọ́. Àkókò tí wọ́n fi háyà ibẹ̀ sì ti tán, kò sí àyè àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àwo náà ṣe jáde pẹ̀lú ìkíni rẹ̀ nínú. Inú lẹ́tà tí Jethro kọ sí i ni Làtíìfù ti ka èyí, nítorí pé kí àwo náà tó jáde ni iṣẹ́ ti gbé òun fúnra rẹ̀ lọ sí Leeds, àwọn méjèèjì kò sì fojú kan ara wọn mọ́. Kò gbọ́ àwo náà rí láti ọjọ́ tí a ti dá a.

Ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ọ̀la, ẹgbẹ́ àsàlátù wọn máa ṣe àdúà ọgọ́rin ọdún fún un ní gbọ̀ngàn mọ́sáláṣí, Rahmah ni yóò sì ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Alhaja ti fi ìlà pa ìtàn àwo náà rẹ́ nínú rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Sherifat, irọ́ inú ilé, mo ti ń bá yín gbé e bọ̀. Ẹ má gbé e dé iwájú Lèmọ́mù.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí ó sùn. Òun tí kì í fi iyọ̀ sí ìtàn. Òun tí ó máa ń ní “bí mi ò bá gbàgbé” kí ó tó dárúkọ ọjọ́ tí a bí ọmọ tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Levi, ọmọ Peckham tí ó so irun mọ́ ẹ̀yìn bí ìgbálẹ̀, ti gbé àwo náà lé orí ẹ̀rọ. Àwòrán kẹ́tùlù ńlá kan ló wà lára páálí rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: Tea for the Whole Street. Bàbá ní orin kẹta ni, bí òun kò bá gbàgbé, níbi tí gbogbo ohun èlò ti dákẹ́ tí ó ku dùùrù nìkan. Wọ́n gbọ́ orin kẹta. Kàkàkí kígbe, ìlù Jethro ń bú jáde lábẹ́ rẹ̀, inú bàbá dùn, ó ń mi orí. Dùùrù wá dá nìkan wà. Gbogbo wọn sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Dùùrù náà lọ títí, orin parí, kò sí ẹni tí ó kí ẹnikẹ́ni.

Wọ́n gbọ́ ojú kìíní tán, wọ́n gbọ́ ojú kejì. Kò sí.

Ká ní Alhaja fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni, ì bá sàn fún un. Ṣùgbọ́n ṣe ni ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú míntì kan jáde, ó fi sí i lọ́wọ́ bí ẹni tí ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

Bàbá ní, “Rahmah, yọ ọ́ kúrò. Ó lè jẹ́ pé irọ́ ni mo ti ń pa láìmọ̀.”

Rahmah ní, “Grandpa, ẹ má worry, it’s calm,” ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ náà ti ń pọ́n. Levi kò gbọ́ Yorùbá. Ojú wọn ló rí, ó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí Rahmah ṣe ṣàlàyé fún un tán ni ó yí páálí àwo sẹ́yìn, ó wo igun rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní sitẹ́ríò ni èyí. Láyé ìgbà náà, àwo kan náà lè jáde lọ́nà méjì: mónò fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn ní ẹnu kan ṣoṣo, sitẹ́ríò fún àwọn tí tiwọn ní ẹnu méjì, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ohun tó wà nínú wọn bára mu. Ó ní ìwé kékeré tó wà lẹ́yìn páálí fi hàn pé ẹgbẹ́ olórin náà padà lọ tún orin kẹta kọ fún sitẹ́ríò. Ọ̀kan ṣoṣo ni òun mọ̀ tí ó ní mónò: Magdalene, ọmọ onílù náà gan-an, tí ń gbé ní Sydenham. Ó pè é lórí fóònù. Ó sì ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án Sátidé, pẹ̀lú àwọn oníbàárà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ó ní òun kò lè dúró kí wọ́n wá ròyìn fún òun.

Nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó kọjá Forest Hill, ẹ̀rù tuntun ti ba bàbá. Bí ohùn náà bá wà níbẹ̀ tí kò jọ tirẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ ló kí wọn, tí kì í ṣe iṣẹ́? Alhaja ní kí ó fi ọkàn balẹ̀, ẹni tí ó wọ ìbọ̀sẹ̀ kan kiri ìlú kò ní ìtìjú kankan níwájú mọ́. Levi bi Rahmah pé kí ni wọ́n wí. Rahmah kò lè túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rín.

Magdalene, obìnrin tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀, ti gbé àwo náà sọ̀kalẹ̀ láti ara ògiri kí wọ́n tó dé. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí bàbá òun ti kú. Làtíìfù ṣe àdúà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó nu ojú. Magdalene ní bí orin kẹta bá ti dé ibi dùùrù, bàbá òun a máa rẹ́rìn-ín, kì í sì í sọ ju pé, “Kọ́kọ́rọ́ mi ti dé.”

Ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Kàkàkí kígbe, ó dákẹ́. Dùùrù dá wà. Ilẹ̀kùn kan wá dún kẹ̀ẹ̀, ohùn kan tí ó tín-ín-rín bí ti ọmọ ilé kéú sì wọlé wá, ó mọ́ gaara:

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Làtíìfù di àga mú. Dùùrù náà kò dáhùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú yàrá tó lanu, ohùn náà tún dé, inú ti ń bí i:

“Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kò sí ènìyàn níbí ni?”

Ẹni tí ń fun kàkàkí pa ẹ̀rín sínú kàkàkí. Ìlù ṣubú, ó dìde, gbogbo wọn tú wọnú orin padà bí ọmọ iléèwé tí aago ti lù fún.

Bàbá kò rántí èkejì yẹn rárá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Alhaja rẹ́rìn-ín títí tí ìbòrí rẹ̀ fi yọ sí èjìká, tí ó fi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé.

Ó ní, “Òun ni. Wallahi, òun ni. Ta ni wọn kò ní dá lóhùn tí kò ní bá tirẹ̀ lọ, bí kò ṣe òun? Rahmah, bí ó ṣe kí èmi náà nìyẹn ní ọjà East Street. Mi ò dá a lóhùn. Ó tún un kí, ó ní ṣé etí ń dùn mí ni.”

“Grandma, ẹ sì fẹ́ ẹ?”

“Kí ni ǹ bá ṣe? Kò lọ.”

Ó na ìka sí Rahmah pé kí ó kọ ìtàn àwo náà padà, kí ó sì kọ ìkíni méjèèjì. Nígbà náà ni bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní kìíní nìkan ti tó, ó níyì. Èkejì kò yẹ ní mọ́sáláṣí.

Alhaja ní, “Bàbá Sherifat, ẹ jọ̀wọ́, òótọ́ ni ẹ jẹ́ ká kà fún Lèmọ́mù.”

Rahmah sì ti ń kọ ọ́. Magdalene gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn, wọ́n tún un gbọ́, wọ́n tún un gbọ́, nígbà tí ó sì yá, bàbá fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé kí wọ́n tún un gbé.

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀ ni Alhaji Làtíìfù Ajíbóyè. Alhaja Hàlímọ̀tù, ìyàwó rẹ̀. Rahmah, ọmọ ọmọ wọn. Levi tí ó ni ṣọ́ọ̀bù àwo. Àti Magdalene, ọmọ Jethro, tí ó ni ilé. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.