Àkùrọ̀ Kọ́ Ni Àbàtà

Ilá ni Bímbọ́lá ń rẹ́ lẹ́yìnkùlé Yèyé, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ní Oǹdó, ó sì ń ròyìn iṣẹ́ ògbufọ̀ tí òun lọ ṣe ní Oda, lẹ́yìn Àkúrẹ́. Àlejò wá láti òkè òkun: orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló jọ tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò dáàbò bo àbàtà tí ẹyẹ, ẹja àti odò gbára lé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ti Oda yẹ kó wà lára wọn.

“Kí lo wá pe àbàtà fún àwọn ará Oda?”

“Àkùrọ̀ ni, Yèyé. Mo ní kí wọ́n tọ́jú àkùrọ̀ wọn dáadáa, pé àlejò ń padà bọ̀.”

Yèyé yíjú sí i. “Ìwọ ọmọ yìí. Àkùrọ̀ ni wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́ẹ̀rùn. Ta ní ń tọ́jú àkùrọ̀ láìmú àdá? Kí àlejò tó dé, wọ́n á ti ṣán an tán.”

Bímbọ́lá sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó pe Baba Ògúnníyì, olórí àgbẹ̀ Oda, lórí fóònù, kò wọlé. Ó tún pè é. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó wọ mọ́tò Àkúrẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ dúró gba èrò ní Ọ̀wẹnà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ní Àkúrẹ́, kò bèèrè iye kó tó fò sórí ọ̀kadà.

Ó gbúròó àdá kó tó rí èèyàn. Koríko gíga etí omi ti dùbúlẹ̀ lọ rẹrẹ. Lékeléke ń fò yí ibẹ̀ ká, wọn ò ríbi bà sí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó bá wọnú ẹrẹ̀ tòun ti bàtà, ó dúró níwájú àdá Adéṣínà, ọmọ Baba Ògúnníyì.

“Àǹtí ògbufọ̀, ṣé ẹ wá bá wa gbin tẹ̀tẹ̀ ni?”

“Mo ṣì í pè ni. Àbàtà ni wọ́n wí. Wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gé e.”

“Níjọ́sí, ẹ ní ká tọ́jú ẹ̀. Lónìí, ẹ ní ká fi sílẹ̀. Ẹnu mélòó lẹ ní gan-an?”

Àwọn àgbẹ̀ tó kù rẹ́rìn-ín. Baba Ògúnníyì, tó dúró láàárín wọn, ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Bímbọ́lá kúnlẹ̀ sínú omi.

“Baba, ẹ̀yin àgbà lẹ wí i: àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Bẹ́ ẹ bá gé e, odò yín ńkọ́?”

Baba wo odò, ó wo koríko tó ti ṣubú. “Ẹ sọ àdá sílẹ̀.” Ó yíjú sí i. “Ìwọ ò ní lọ. Bí àlejò bá dé, ìwọ ni wàá fi ibi tá a gé yìí hàn wọ́n. Wàá sọ fún wọn pé ẹnu rẹ ló gé e.”

“Mo gbọ́, sà.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí òun yóò ṣe sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bó ṣe wù kó tò ó, ó ń dà bíi pé àwọn ará Oda ló jẹ̀bi. Ó tún un tò lábẹ́ ẹnu. Ó tún un tò.